Ta Ló Ní Kí Ẹ Bọ́ Igi Lára Onígi?

Ẹ má bi mí bóyá inú ń bí mi. Inú ń bí mi. Ó ti ń bí mi láti ọjọ́ tí mo ti rí àwòrán yẹn lórí fóònù, bí mo sì ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí, ó ṣì ń hó bí omi tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Àwọn èèyàn ní kí n fiyè dénú. Wọ́n ní ọkọ̀ lásán ni. Ọkọ̀ lásán kẹ̀! Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ Onígi.

Onígi ni gbogbo ilé wa ń pe ọkọ̀ bàbá mi. Irin ni iwájú rẹ̀ bíi ti ọkọ̀ yòókù, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn awakọ̀ dé ìdí, igi ni wọ́n fi kan egungun rẹ̀ pọ̀. Igi gidi ni mò ń wí, èyí tí ẹ lè fọwọ́ pa, tí gíláàsì fèrèsé wà láàárín rẹ̀, tí ilẹ̀kùn méjì sì ń ṣí lẹ́yìn bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù. Fadá òyìnbó kan tó sìn ní ìhà Ìgèdè ló ni ín tẹ́lẹ̀. Nígbà tí fadá ń padà sílùú wọn, ó tà á fún bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà ilé-ìwé Àgùdà ní Ìyìn kí a tó kó lọ sí Adó.

Iṣu, aboyún tó ń rọbí, òkú, ìyàwó tuntun, kò sí ohun tí Onígi ò gbé rí lójú ọ̀nà Ìyìn sí Adó. Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá á da òróró sínú agolo, á máa fi àkísà pa igi náà, èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin ni mo sì máa ń di agolo mú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá, kì í sún mọ́ ibẹ̀. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun nílé-ìwé máa ń bi òun bóyá inú àpótí ni wọ́n ń di òun sí wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá kú, tí ẹbí jókòó, ta ni wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ fún? Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá. Wọ́n ní obìnrin kì í jogún ọkọ̀, kó má lọ gbé e lọ sílé ọkọ. N kò jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀bẹ̀ fún, pé kí wọ́n máa fi gbé ìyá wa lọ sí Máàsì lọ́jọ́ Ìsinmi. Bọ̀ọ̀dá ní, "Ṣé o rò pé ọmọ burúkú ni mí ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbà gbọ́ tí mo fi kúrò nílé.

N kò ní sọ bí mo ṣe lọ sí ìlú òyìnbó. Gbogbo ẹni tó lọ ló ní ìtàn ọ̀nà tirẹ̀, wọ́n sì jọra wọn jù. Òtútù ibẹ̀ burú, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi kí n tó débẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé èèyàn lè gbé ilé kan títí kí aládùúgbò má mọ̀ bóyá ó jí tàbí kò jí. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo kí bàbá arúgbó kan ní ibùdókọ̀, mo tẹ orúnkún mi díẹ̀ bí a ṣe tọ́ mi. Ó rò pé mo fẹ́ ṣubú ni. Ó sáré di apá mi mú, ó ń bi mí bóyá kí òun pe ọkọ̀ aláìsàn. Láti ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn àgbà wọn ní ìdúró gbagidi, ojú sì ń tì mí bí ẹni tó jáde láìwọ ìró.

Nígbà tí mo wá rí àwọn Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo lanu, mo ń sọ ti ilé, mo pè é ní "ulé" bí a ṣe ń pè é ní Ìyìn. Obìnrin kan tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wò ó, Èkìtì dé! Ará oko mi, ṣé ẹ gbé odó dání?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, kí n má bàa dà bí ẹni tí kò gba àwàdà, ṣùgbọ́n mo gbé e délé. Òyìnbó ní àlejò ni mí. Àwọn èèyàn mi ní ará oko ni mí. Níbo wá ni kí n gbà?

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí ni gbígbálẹ̀. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní Adó! Wọ́n ní wọ́n ń yẹ ìwé-ẹ̀rí mi wò, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bọ̀ láìtán. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ni wọ́n rán mi lọ. Ọ̀gá ibẹ̀, bàbá kan tí irun orí rẹ̀ funfun báláú, ní kí n máa pe òun ní Píítà. Píítà gbẹrẹfu! Ahọ́n mi kọ̀ ọ́. "Ọ̀gá Píítà" ni mò ń pè é títí ó fi sú u.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gbálẹ̀ bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, orí mi wà nílẹ̀. Mo kọ́kọ́ rí táyà, mo wá rí ìdí ọkọ̀, mo gbójú sókè. Onígi ni. Àwọ̀ eérú ni tibẹ̀, tiwa jẹ́ àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n Onígi ni, àtigi àtilẹ̀kùn. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Yéè! Onígi!" Mo lọ fọwọ́ pa á, omi sì kún ojú mi. Gbogbo wọn yíjú wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.

Píítà bi mí ohun tó dé. Mo ní bàbá mi ní irú rẹ̀. Ó fi sùúrù sọ fún mi pé bóyá mo ṣì í mú ni. Ó ní, "Ní Áfíríkà?" Bí ẹni pé orí ẹṣin ni fadá fi ń lọ láti Ìgèdè dé Adó! Mo fa fóònù yọ, mo fi Bàbá hàn án, níbi tó ti dúró ti ọkọ̀ rẹ̀ nínú àwòrán àtijọ́, tó fọwọ́ lé e lórí. Píítà wo àwòrán náà pẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gbé sáńpépà lé mi lọ́wọ́.

Bí mo ṣe di oníṣẹ́ igi nìyẹn. Mo kọ́ igi fífá, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹnu igi kan kó lè wọ inú èkejì láìsí ìṣó, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kùn ún kí omi má wọ inú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ ń wò mí bí ìran. Nígbà tó yá, mo gbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ kan sípò fúnra mi, mo tì í, ó wọlé pẹ́kẹ́, kò há níbì kankan. Píítà ò yìn mí. Ó kàn lọ po tíì, ó gbé e wá fún mi fúnra rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì mu tíì yẹn bí ìyàwó ọba.

Opó kan gbé ọkọ̀ onígi tirẹ̀ wá rí. Ilé adìẹ ni wọ́n ti wú u jáde. Igi rẹ̀ ti rà, adìẹ ti yàgbẹ́ sí gbogbo ìjókòó, ihò wà nílẹ̀ rẹ̀ tí orí mi lè gbà kọjá. Mo ní èyí ti tán. Píítà ní rárá, kò sí ọkọ̀ tí kò ṣeé tún ṣe bí ẹni tó ni ín bá ṣì fẹ́ ẹ. Ìgbà òtútù dé, ó lọ, òmíràn dé, a ò yéé ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ yẹn. Nígbà tí opó náà wá gbé e, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi rẹ̀, ó ń sunkún. Èmi náà sunkún, torí mo rí ìyá mi nínú rẹ̀. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé bí mo bá lọ sílé, Onígi ni mo kọ́kọ́ máa fá.

Ẹni tó bá wà lájò máa ń gbé ilé kan kiri nínú ara rẹ̀. Gbogbo nǹkan wà níbi tó fi í sí: àga Bàbá, ìkòkò Màmá, igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé. Tó bá rẹ̀ ẹ́, á wọ inú ilé yẹn lọ jókòó. Kì í rò ó pé àwọn tó wà nílé gan-an ń gbé nǹkan sọ̀tún sósì lójoojúmọ́. Wọn ò sì jẹ́ sọ fún un. Wọ́n á ní, "Gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà."

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń pe Màmá lórí fídíò. Àjà ilé ni mo máa ń rí.

"Màmá, ẹ yí fóònù sí ojú yín."

"Mo ti yí i. Ṣé o ò rí mi ni?"

"Àjà ni mò ń wò, Màmá. Ṣé ẹ ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé?"

"A ti dé. Máàsì dùn. Fadá ní kí n kí ọ."

"Onígi ńkọ́?"

"Ó wà."

Kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé ó ti sú u láti máa sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. N kò mọ̀ pé ìyá mi, tó máa ń nà wá nítorí irọ́, ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Adó, ó ń pa irọ́ fún mi ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lẹ́yìn Àjíǹde ni ọmọ àbúrò bàbá mi kan fi àwòrán ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Àǹtí, ẹ kú oríire ọkọ̀ o!" Mo ní ọkọ̀ wo? Mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Ọkọ̀ kan dúró níwájú ilé wa, wọ́n fi rìbọ́nì dì í. Táyà rẹ̀ ga bíi ti katakátá. Wọ́n ti jó páànù irin mọ́ gbogbo ibi tí igi wà, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ wúrà, wọ́n wá lẹ sítíkà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, sítíkà tó ya igi-igi, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Háà! Ẹ bọ́ igi, ẹ wá lẹ àwòrán igi mọ́ ọn! Iwájú rẹ̀ nìkan ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ojú Onígi ló ń wò mí láàárín gbogbo ìdọ̀tí yẹn.

Mo pe Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ju ni lọ lè ju ni nù, nítorí náà mo kí i dáadáa ná. Mo bi í léèrè ìyàwó, mo bi í léèrè ọmọ.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mo rí àwòrán. Igi ọkọ̀ dà?"

"A ti bọ́ ọ. Ṣé o rí bó ṣe ń dán?"

"Ta ló ní kí ẹ bọ́ igi lára Onígi?"

"Ìwọ ni."

"Èmi?"

"Nítorí tìẹ ni! Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní Ọjà Ọba? Wọ́n ní obìnrin tó ní ọmọ lókè òkun, ọkọ̀ onígi ni wọ́n ṣì fi ń gbé e kiri bíi bọ̀lẹ̀kájà. Wọ́n ní ọmọ náà ti sọnù sọ́hùn-ún. Àṣírí rẹ ni mo bò. Mo rò pé wàá dúpẹ́."

Mo wá bi í pé igi náà dà, bóyá wọ́n kó o pamọ́.

"Igi wo? Wọ́n ti fi dáná."

"Ẹ fi dáná kí ni?"

"Ìdúpẹ́ ọkọ̀ ni. Lẹ́yìn tí fadá wọ́n omi sí ọkọ̀ tán, àwọn obìnrin gúnyán. Igi ńlá ni, iná rẹ̀ múná gan-an."

Ẹ gbà mí o! Wọ́n fi egungun ọkọ̀ se iṣu ìdúpẹ́ ọkọ̀ náà. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n kọrin ọpẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, níbi iṣẹ́, mo fá igi kan títí ó fi tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ, Píítà ní kí n lọ sinmi.

Nígbà tí àyè ìsinmi mi tó, mo wálé. Mo kí Màmá, mo gbá a mọ́ra, mo rí i pé ó ti rù sí i. Ó ní ara òun le. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yin èèyàn mi, àwòrán yẹn ṣì fi ojú àánú hàn mí ni. Oòrùn Adó ti mú sítíkà, ó ti ká bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìpẹtà ti ń yọ lábẹ́ àwọ̀ wúrà. Wọ́n ti gé ṣáàsì rẹ̀, irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró lábẹ́, kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mìíràn lè wọlé. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò ṣí mọ́ rárá, wọ́n ti jó o pa. Ó ga débi pé àpótí ni Bọ̀ọ̀dá fi ń gun òkè kó tó lè jókòó. Mo rìn yí i ká, mo káwọ́ lérí.

Bọ̀ọ̀dá dúró síbẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ojú ń tì í, mo rí i, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò gbà á.

Ó ní, "Tí kò bá wù ọ́, ó ti sú èmi náà. Ó ń mu epo. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ń bọ̀ ní Sátidé, mo ti bá wọn sọ ọ́."

"Ẹ fẹ́ tà á fún oníkóńdẹ́mù?"

"Ìwọ lo mọ̀ nípa rẹ̀. Sọ fún mi bóyá ó ṣeé tún ṣe. Bí o bá ní ó ṣeé tún ṣe, n kò ní tà á."

Ìyẹn jẹ́ ọjọ́ Alámìísì. Mo ní ọjọ́ Ẹtì nìkan láti fi rò ó. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ náà lórí ẹní, mo fi ìṣó họ ibi gbogbo, mo ń yà á ní àwòrán. Ìsàlẹ̀ iwájú rẹ̀ ṣì dára. Àwọn fèrèsé àtijọ́ wà nínú yàrá Màmá, ó ti fi àpò ìrẹsì wé wọn, ó kó wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gíláàsì tiwọn gan-an ni. Inú mi dùn díẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, àwọn oníkóńdẹ́mù dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù wọn. Wọ́n ń kí wa, wọ́n ń gbá ara Onígi wò. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Mo pe Píítà lórí fídíò, mo gbé fóònù yí ọkọ̀ náà ká, Bọ̀ọ̀dá dúró lẹ́yìn mi. Ó gbọ́ òyìnbó dáadáa, kò sí ohun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Píítà wò ó, ó mí kanlẹ̀. Ó ní kò ṣeé tún ṣe. Ó ní ṣáàsì ti bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì àtilẹ̀wá ti lọ, igi sì ti lọ. Ó ní kí n tú dáṣíbọọ̀dù àti àwọn ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ kí n kó wọn bọ̀ fún òun, òun ní oníbàárà tí yóò lò wọ́n.

Mo ní, "Ọ̀gá, ti opó yẹn ńkọ́? Èyí tí adìẹ sùn nínú rẹ̀?"

Ó ní ìyẹn yàtọ̀. Ó ní ìyẹn ṣì jẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ó wá ní òun kò fẹ́ bà mí lọ́kàn jẹ́ láti ìgbà yìí, ṣùgbọ́n òun ti rí i nínú àwòrán bàbá mi pé wọ́n ti bà á jẹ́ látijọ́. Igi dúdú tó wà lára rẹ̀ nígbà náà, kì í ṣe igi rẹ̀.

Orí mi gbóná. Mo gbàgbé pé ọ̀gá ni. Mo ní, "Ìrókò ni! Igi funfun tí ẹ fi rán an wá, ikán jẹ ẹ́ tán nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ fadá. Bàbá mi ló ra ìrókò, òun àti káfíńtà Ìgèdè ló jọ kàn án, òjò Èkìtì rọ̀ lé e títí, kò rà. Ta ló wá ba ọkọ̀ jẹ́? Bàbá mi?" Píítà ní kí n má bínú, pé bí iṣẹ́ náà ṣe rí ni òun sọ. Mo ní mo ti gbọ́. Mo pa fóònù.

Mo yíjú, Bọ̀ọ̀dá ń rẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín! Ó ní, "Ó tán. Bàbá wa náà yọ igi, ó fi òmíràn sí i. Nígbà tí Bàbá ṣe é, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Nígbà tí Ṣọlá ṣe é, ó di ẹ̀ṣẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá, Bàbá ṣe é kí ọkọ̀ lè máa gbé wa. Ẹ̀yin ṣe é kí ará Ọjà Ọba lè máa wò yín."

"Wò mí? Ìwọ tí o wà lọ́hùn-ún, ta ló ń bú? Èmi ni wọ́n ń bú! Èmi ni mo wà nílé!"

"Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ máa fi gbé Màmá lọ sí Máàsì, ohun tí mo bẹ̀ yín fún nìyẹn!"

"Mò ń bi í. Ó ní òun ò lọ. Ó ní ó rẹ òun."

Mo ní, "Ó rẹ ẹ́ kẹ̀? Ṣebí ó ń sọ fún mi ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ pé..."

Àwọn oníkóńdẹ́mù ti fà sẹ́yìn, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ìgbà náà ni Màmá fi ọ̀pá gbá ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wa yíjú sí i.

Ó ní, "Ẹ ti ja ìjà ugi yín tán? Ṣé kí èmi náà sọ tèmi?"

A ní, "Màmá, ẹ má bínú."

"Mò ń bínú! Láti Àjíǹde, n kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé Ọlọ́run. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ yìí wá gbé mi, wọ́n gbé àpótí sílẹ̀ fún mi. Orúnkún mi ò gbà á. Ṣọlá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń ti ìdí mi sókè bí ẹni ń ti àpò gàrí, níwájú àwọn ẹgbẹ́ obìnrin. Èmi, ìyàwó tíṣà! Mo ní kò tún ní ṣẹlẹ̀ sí mi mọ́. Fadá ló ń gbé Ara Olúwa wá bá mi nínú ulé báyìí, bí ẹni tó ń kú lọ."

Mo ní, "Màmá, ẹ ò sọ fún mi."

"Kí n sọ fún ọ kí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ lè jà lórí fóònù? Ẹ ti jà báyìí. Ṣé ó dùn? Òun ní nítorí ẹnu àwọn èèyàn. Ìwọ ní nítorí bàbá rẹ. Òyìnbó rẹ ní nítorí kí ni mo mọ̀. Ta nínú yín ló bi ẹni tí wọ́n ń gbé nínú rẹ̀?"

Bọ̀ọ̀dá dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ ẹlẹ́rùpẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo ní, "Màmá, ó ṣeé tún ṣe. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ìyá mi wò mí títí. Ó ní, "Mo gbọ́. O mọ̀ ọ́n ṣe. Ìgbà wo lò ń lọ?"

Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó ní, "Ṣé fóònù ni yóò wá máa fá ugi náà? Bó bá ṣeé tún ṣe, ta ni yóò tún un ṣe? Bí o bá ń lọ, jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí gbé irin wọn. Má fi ọkọ̀ tí kò parí sílẹ̀ fún mi kí n máa wò."

Ó wọlé. Gbogbo ìbínú tí mo gbé ti òkè òkun bọ̀, kò sí ibi tó ti sọ fún mi pé èmi fúnra mi ni wọ́n máa bi ní ìbéèrè.

A ò ta ọkọ̀. Àwọn táyà ńlá yẹn ni mo ní kí àwọn oníkóńdẹ́mù tú, kí wọ́n máa gbé wọn lọ. Bọ̀ọ̀dá ń mí bí ẹni tí wọ́n yọ eyín fún, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló lọ wá táyà kékeré lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀ ni wọ́n ń sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, Màmá gbé ẹsẹ̀ kan sínú rẹ̀, ó gbé èkejì, ó jókòó níwájú, ó gbé àpò rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò tì í. Sítíkà ń fì ní ẹ̀gbẹ́ wa lójú ọ̀nà bí àkísà. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ yà bò ó, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń gbá a mọ́ra. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń fi ọkọ̀ wa rẹ́rìn-ín. Mo wò wọ́n bí mo ṣe máa ń wo ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì mi, wọ́n sì yí ojú sí ibòmíràn.

Lẹ́yìn Máàsì, mo pe Píítà. Mo ní n kò ní wá ní ọjọ́ tí mo dá. Ó bi mí pé nítorí ọkọ̀ yẹn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ò lè fi àyè mi sílẹ̀ títí. Mo ní mo mọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti Bọ̀ọ̀dá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Ọ̀gá ibẹ̀ bi wá bóyá ilẹ̀kùn la fẹ́ fi ìrókò kàn tàbí òrùlé. Mo ní ara ọkọ̀ ni. Gbogbo wọn pa iṣẹ́ tì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Àǹtí, ẹ ti ìlú òyìnbó dé, ẹ wá ń fi pákó ṣe ọkọ̀?" Mo wo Bọ̀ọ̀dá. Ó ti fi fìlà bo iwájú orí rẹ̀, òógùn ń bọ̀ lójú rẹ̀.

Ó rọra sọ fún mi pé, "Ṣé o rí ohun tí mò ń sọ? Wọ́n máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ jákèjádò Adó."

Mo ní, "Kí wọ́n máa ṣe é. Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ìdí pákó yìí mú."

Ó tẹ̀ ba, ó gbé e lé èjìká.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ òfurufú mi gbéra láìsí mi, mo wà ní ẹ̀yìnkùlé wa, mo tẹ ìrókò sórí bẹ́ǹṣì, mò ń fá a. Ìyá mi gbé àga wá tì mí. Ó jókòó pẹ́, ó ń wo eérún igi tó ń bọ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Ṣé wọn ò ní lé ọ lẹ́nu iṣẹ́?"

Mo ní, "Wọ́n máa lé mi, Màmá."

Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ pa igi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó ní, "Fá a dáadáa nígbà náà."